Ọwọ́ Ọmọdé Kò Tó Pẹpẹ: Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣe Lè Gbé Eré Ẹlẹ́gbẹ́ Kalẹ̀ Lórí Kọ̀ǹpútà

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá síwájú yín ní alẹ́ òní jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ àgbà máa ń fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, nítorí wọ́n gbà pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé ni. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́ mi dé òpin.

Bí ènìyàn bá dúró sí abẹ́ afárá Dọ́pẹ̀mú ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, yóò rí ohun púpọ̀. Yóò rí àwọn dáńfó tí ó ń bọ̀ láti Ìyánà-Ìpájà tí wọ́n forí lé Ọ̀ṣọ́dì. Yóò rí àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń darí bọ̀ láti àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tí ó wà ní Ìkẹjà, tí àárẹ̀ hàn ní ojú wọn. Yóò sì rí àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún ní iwájú ṣọ́ọ̀bù kan, tí olúkúlùkù wọn tẹ orí ba sórí fóònù tirẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé kò sí ohun tí ó da àwọn ọmọ náà pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá tẹ́tí sílẹ̀, yóò gbọ́ bí wọ́n ti ń ké sí ara wọn: “Wo ẹ̀yìn rẹ!” “Dúró dè mí!” “Má ṣe dá nìkan lọ!” Eré kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe, ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n sì wà. Àgbàlagbà tí ó ń kọjá lọ a mi orí, a ní, “Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀ ìfàkókòṣòfò wọn.”

Èmi kò wá síbí láti gbè lẹ́yìn ìfàkókòṣòfò. Ìbéèrè tèmi yàtọ̀. Ta ni ó ṣe eré tí àwọn ọmọ wa ń ṣe yìí? Ǹjẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa lè ṣe irú rẹ̀? Bí ó bá sì lè ṣe é, kí ni iṣẹ́ náà yóò kọ́ ọ? Ìdáhùn mi ni pé ó lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ìṣòro iṣẹ́ náà kò sí níbi tí ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ó wà. A rò pé inú ẹ̀rọ ni ìṣòro wà. Èmi sì ti fi ojú ara mi rí i pé àárín àwọn ènìyàn tí ń ṣe é ni ó wà. Ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ẹgbẹ́ kò lè ṣe eré ẹlẹ́gbẹ́ kí ó sì tọ́jọ́. Èyí ni kókó ọ̀rọ̀ mi.

Kí a tó fi ọwọ́ kan ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ nípa eré fúnra rẹ̀. Ayò ọlọ́pọ́n tí gbogbo wa mọ̀, eré ẹni méjì ni. Ilé 12 ni ó wà nínú ọpọ́n, ọmọ ayò 48 ni ó sì wà nínú àwọn ilé náà. Ẹnì kan dojú kọ ẹnì kejì. Àwọn òǹwòran lè máa pariwo, ṣùgbọ́n wọn kò ní ọwọ́ nínú ọpọ́n. Ẹni tí ó bá jẹ, òun nìkan ni ó jẹ. Ẹni tí ó bá sì pa òpè, òun nìkan ni ó pa á.

Ẹ wá wo eré ẹkùn-mẹ́ran tí a ń ṣe ní ìgbà èwe wa lábẹ́ òṣùpá. Àwọn ọmọdé a di ọwọ́ ara wọn mú, wọn a ṣe agbo. Ọ̀kan nínú wọn ni ẹran, àárín agbo ni ó wà. Ọ̀kan ni ẹkùn, ìta agbo ni ó wà. Ẹkùn ń wá ọ̀nà àtiwọlé, agbo sì ń dí i. Ẹran kò lè gba ara rẹ̀ là. Ọmọ kan ṣoṣo nínú agbo kò lè dá ẹkùn dúró. Bí ọwọ́ ẹnì kan bá sì tú, gbogbo agbo ni ó tú. Kò sí ẹni tí ó kọ ìwé òfin eré yìí fún wa, síbẹ̀ gbogbo ohun tí eré ẹlẹ́gbẹ́ ń fẹ́ ni ó wà nínú rẹ̀: iṣẹ́ olúkúlùkù yàtọ̀ sí ti ẹnì kejì, olúkúlùkù nílò ẹnì kejì, àìbìkítà ẹnì kan sì ń kan gbogbo ènìyàn.

Àwọn àgbà sọ ọ́ ní kúkúrú: ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèǹgbè. Ẹ ṣàkíyèsí pé òwe náà kò sọ pé ọwọ́ méjèèjì dọ́gba. Ohun tí ó sọ ni pé ohun tí ọwọ́ kan lè ṣe, èkejì kò lè ṣe é. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fẹ́ ṣe eré ẹlẹ́gbẹ́ gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ ni èyí: kí ni ó wà ní ọwọ́ ẹnì kìíní tí kò sí ní ọwọ́ ẹnì kejì? Bí kò bá rí ìdáhùn sí i, kò tíì ní eré ẹlẹ́gbẹ́. Àwọn ènìyàn tí wọ́n kàn ń sáré lórí pápá kan náà ni ó ní.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé iṣẹ́ yìí ga ju akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ní 1962, ní ilé-ẹ̀kọ́ MIT ní Amẹ́ríkà, Steve Russell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe eré kan tí wọ́n pè ní Spacewar! lórí kọ̀ǹpútà PDP-1, tí ẹni méjì fi ń bá ara wọn jà. Ní 1978, ní Yunifásítì Essex ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ń jẹ́ Roy Trubshaw bẹ̀rẹ̀ eré tí wọ́n pè ní MUD, Richard Bartle tí òun náà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ sì bá a tẹ̀ síwájú. Kò sí àwòrán kankan nínú eré náà, ọ̀rọ̀ lásán ni. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn lè wọ inú ayé kan náà ní ìgbà kan náà, kí wọ́n sì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ní 1996, ní Ọsirélíà, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta, Robin Walker, John Cook àti Ian Caughley, gbé Team Fortress jáde. Nínú eré yìí, ẹni tí ó bá wọlé yóò kọ́kọ́ yan iṣẹ́ tí yóò ṣe: bóyá oníṣègùn ni yóò jẹ́, tàbí atamátàsé, tàbí asáré-wádìí. Ní 1999, Minh Le, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Simon Fraser ní Kánádà, pẹ̀lú Jess Cliffe, gbé Counter-Strike jáde, níbi tí ẹgbẹ́ kan ti ń dojú kọ ẹgbẹ́ kejì. Ilé-iṣẹ́ Valve gbà á lọ́wọ́ wọn, ó sì tà á fún gbogbo ayé ní 2000. Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan nípa eré méjì ìkẹyìn yìí. Àwọn tí ó ṣe wọ́n kò bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀ ilé. Orí Quake ni a gbé Team Fortress lé, orí Half-Life ni a sì gbé Counter-Strike lé. Wọ́n gba ilé tí ẹlòmíràn ti kọ́, wọ́n sì yí òfin tí àwọn ènìyàn fi ń gbé inú rẹ̀ padà.

Ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wa níbí pẹ̀lú, àpẹẹrẹ kò wọ́n. Eyram Tawia ti Gánà bẹ̀rẹ̀ eré rẹ̀, The Sword of Sygos, nígbà tí ó wà ní yunifásítì KNUST ní Kumasi. Ní 2009, òun àti Wesley Kirinya ti Kẹ́ńyà dá ilé-iṣẹ́ Leti Arts sílẹ̀. Abiola Olaniran, tí ó kàwé ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, dá ilé-iṣẹ́ Gamsole sílẹ̀ ní 2012. Ní ọdún kan náà ni Hugo Obi dá Maliyo Games sílẹ̀ ní Èkó. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ kan ní Agége tàbí ní Àkówọnjọ bá sọ pé òun fẹ́ ṣe eré orí kọ̀ǹpútà, ọ̀nà tí ẹlòmíràn ti tọ̀ rí ni ó fẹ́ tọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí ojú mi rí. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ni ní agbègbè yìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin kan wá bá mi ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ìkẹyìn wọn. Ọkùnrin mẹ́ta ni wọ́n àti obìnrin kan. Wọ́n ní eré orí fóònù ni àwọn fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá àwọn. Ọgọ́rùn-ún ènìyàn ni yóò máa ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo ìlú Èkó ni yóò wà nínú rẹ̀, láti Agége títí dé etí òkun. Òjò yóò máa rọ̀, ilẹ̀ yóò máa ṣú, ìbọn yóò máa dún. Inú mi dùn sí ìtara wọn, mo sì fi ọwọ́ sí ìwé wọn. Èyí ni àṣìṣe mi àkọ́kọ́. N kò bi wọ́n léèrè ohun tí ẹnì kan yóò máa ṣe fún ẹnì kejì nínú eré náà.

Oṣù mẹ́ta kọjá. Mo ní kí wọ́n wá fi iṣẹ́ hàn mí. Wọ́n fi àwọn ilé tí wọ́n yà dáradára hàn mí. Wọ́n fi ìbọn kan hàn mí. Wọ́n fi ọkùnrin kan hàn mí tí ó ń rìn kiri láàárín àwọn ilé náà, tí kò sì sí ohun tí ó lè ṣe. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni wọ́n ní tí ó lágbára tó fún iṣẹ́ náà. Nígbà tí kò bá sí iná, wọ́n ní láti da owó pọ̀ ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Ọmọbìnrin inú wọn ni ó sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ó ní, “Ẹ má bínú sà, a ti kọ́ ìlú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń gbé inú rẹ̀.”

Ọmọbìnrin yìí kan náà ni ó mú ọ̀rọ̀ tuntun wá ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e. Ó ní abẹ́ afárá Dọ́pẹ̀mú ni òun ti ń dúró de ọkọ̀, tí òun sì ń wo bí dẹ́rẹ́bà àti kọ̀ńdọ́kítọ̀ ti ń bá ara wọn ṣiṣẹ́. Dẹ́rẹ́bà ń wo iwájú. Kò mọ ẹni tí ó fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ mọ ẹni tí ó fẹ́ sọ̀kalẹ̀ àti ẹni tí kò tíì sanwó, ṣùgbọ́n kò sí ọwọ́ rẹ̀ ní orí ọkọ̀. Kò sí èyí tí ó lè dá iṣẹ́ náà ṣe nínú àwọn méjèèjì. Ó ní, “Sà, ṣé eléyìí kò lè di eré?” Mo ní, “Eré ni. Òun gan-an ni eré tí ẹ ń wá láti oṣù mẹ́ta.”

Báyìí ni wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀. Ènìyàn mẹ́rin ni yóò ṣe eré náà, kì í ṣe ọgọ́rùn-ún. Dáńfó méjì ni yóò máa bá ara wọn díje láti Ìyánà-Ìpájà dé Ọ̀ṣọ́dì, ẹni méjì ní ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà ni yóò hàn lójú fóònù dẹ́rẹ́bà: kòtò, ọkọ̀ mìíràn, ìyànà, kò ní rí èrò kankan. Èrò ni yóò hàn lójú fóònù kọ̀ńdọ́kítọ̀: ẹni tí ń nawọ́ ní ibùdókọ̀, ibi tí olúkúlùkù ń lọ, owó tí ó mú lọ́wọ́, kò ní rí ọ̀nà. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ tí ó bá gbé èrò púpọ̀ jù dé ibi tí wọ́n ń lọ, tí ó sì fún wọn ní ṣéńjì tí ó pé, ni ó borí.

Mo ní kí wọ́n má ṣe fi ọwọ́ kan kọ̀ǹpútà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹnu yà wọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́rọ̀ sí mi lẹ́nu. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì ya ọ̀nà sórí páálí, wọ́n fi ìdérí ìgò ṣe èrò, wọ́n sì kọ iye owó sí ara àwọn bébà kéékèèké. Dẹ́rẹ́bà àti kọ̀ńdọ́kítọ̀ kọ ẹ̀yìn sí ara wọn kí ẹnì kan má baà rí páálí ẹnì kejì. Ní ọjọ́ kìíní, inú dẹ́rẹ́bà ń dùn, ṣùgbọ́n oorun ń kun kọ̀ńdọ́kítọ̀, nítorí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó máa pe “Ó wà o!” nígbà tí èrò bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Wọ́n fi ìṣirò ṣéńjì kún iṣẹ́ rẹ̀. Ní ìdánwò kejì, iṣẹ́ pọ̀ fún un débi pé kò ráyè bá dẹ́rẹ́bà sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n dín iye èrò kù.

Ní ìdánwò kẹta, bàbá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà, bá wọn ní ìta ilé rẹ̀. Bàbá yìí ti sọ fún ọmọ rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà pé òun kò rán an níṣẹ́ géèmù nílé-ẹ̀kọ́. Ó dúró wò wọ́n títí, ó wá jókòó, ó ní kí wọ́n fún òun ní ipò kọ̀ńdọ́kítọ̀. Kò pẹ́ tí ó fi da páálí sílẹ̀. Ó ní, “Kọ̀ńdọ́kítọ̀ tí kò lè dá ọkọ̀ dúró kì í ṣe kọ̀ńdọ́kítọ̀, ẹrù ni. Ṣé ẹ kò rí i bí wọ́n ṣe ń gbá ara ọkọ̀ ni?” Òótọ́ ni bàbá sọ. Wọ́n fún kọ̀ńdọ́kítọ̀ ní agbára láti gbá ara ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta péré nínú ìrìn-àjò kan, tí ọkọ̀ yóò sì dúró bí dẹ́rẹ́bà fẹ́ bí ó kọ̀. Láti ìgbà náà ni eré náà ti di eré. Ohun tí wọ́n fi páálí àti ìdérí ìgò rí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, wọn ìbá ná ọ̀pọ̀ oṣù kí wọ́n tó fi kọ̀ǹpútà rí i.

Nígbà yìí ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ wá kàn. Wọn kò kọ́ ilé láti ìpìlẹ̀. Godot ni wọ́n lò, ohun èlò fún ṣíṣe eré tí ó ti di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ènìyàn láti 2014. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà tí eré ẹlẹ́gbẹ́ ní tí eré ẹnì kan kò ní. Fóònù mẹ́rin ni ó wà nínú eré. Èwo nínú wọn ni a ó gbà gbọ́? Bí olúkúlùkù bá ń ṣe ìdájọ́ tirẹ̀, fóònù kọ̀ńdọ́kítọ̀ yóò ní èrò ti wọlé, fóònù dẹ́rẹ́bà yóò ní ọkọ̀ ti lọ. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ kan ṣe adájọ́. Àwọn yòókù yóò máa sọ fún un pé, “Èyí ni ohun tí mo fẹ́ ṣe”; òun ni yóò pinnu ohun tí ó ṣẹlẹ̀, tí yóò sì kéde rẹ̀ fún gbogbo wọn.

Níbo ni a ó wá fi adájọ́ yìí sí? Bí ó bá wà ní Yúróòpù, ọ̀nà jìn. Okùn abẹ́ òkun tí a ń pè ní MainOne, tí ó dé Èkó ní 2010, gùn tó nǹkan bí 7,000 kìlómítà láti Pọ́túgà. Ìmọ́lẹ̀ tí ń gbé ọ̀rọ̀ lọ nínú okùn gíláàsì ń rìn nǹkan bí 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí a bá pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà 1,000, ìpín 35 ni àlọ nìkan yóò gbà, àlọ àti àbọ̀ yóò sì gba 70, kí a tó fi ìdádúró ti ọ̀nà àárín ìlú kún un. Ó dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n nínú eré ìbọn, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ́ dé ti kú kí ó tó mọ̀. Ohun mìíràn tún ni pé okùn lè já. Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹta, 2024, àwọn okùn abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Côte d'Ivoire, MainOne wà lára wọn. Íntánẹ́ẹ̀tì dá gúdẹ́ ní Nàìjíríà àti ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní agbègbè wa. Owó dátà pẹ̀lú kì í ṣe ohun tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ lè máa san lójoojúmọ́.

Àwọn ọmọ náà ro gbogbo èyí, wọ́n sì fi adájọ́ sínú ọ̀kan nínú àwọn fóònù mẹ́rin náà. Fóònù náà yóò tan afẹ́fẹ́ ìsopọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀, àwọn mẹ́ta yòókù yóò sì so mọ́ ọn. Kò sí dátà tí wọn yóò rà, kò sì sí okùn abẹ́ òkun tí ó lè dá wọn dúró. Ó ní àbùkù tirẹ̀: bí bátìrì fóònù adájọ́ bá tán, eré parí, ẹni tí adájọ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ fi díẹ̀ yá ju àwọn yòókù lọ. Ṣùgbọ́n nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni ọkàn eré náà, tí kì í ṣe ìbọn, ìdádúró díẹ̀ kò ba adùn rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: bí ẹ kò bá lè mú ìṣòro ẹ̀rọ kúrò, ẹ yan òfin eré tí ìṣòro náà kò lè pa lára.

Ní ọjọ́ ìdánwò, eré náà ṣiṣẹ́. Fóònù mẹ́rin, dáńfó méjì. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ń pariwo bí ọmọdé. Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò wo ojú ara wọn.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ni ó kọ gbogbo àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé. Òru ni ó fi ń ṣe é, nígbà tí iná bá wà. Ó ní àwọn yòókù fi òun sílẹ̀. Àwọn yòókù ní kò jẹ́ kí àwọn fi ọwọ́ kan iṣẹ́ náà, pé bí àwọn bá bèèrè ọ̀rọ̀, a máa dá àwọn lóhùn bí ẹni pé àwọn kò mọ nǹkan. Òtítọ́ wà lẹ́nu gbogbo wọn. Èmi wá dá kún un: mo wo eré nìkan, mo sì fún àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní máàkì kan náà. Ọmọ tí ó fi òru ṣiṣẹ́ wá sí ọ́fíìsì mi, ó béèrè pé, “Sà, kí ni mo wá ṣe gbogbo rẹ̀ fún?” N kò rí ìdáhùn fún un. Àwọn mẹ́rin pín yà. Kò sí ẹlòmíràn tí ó lóye iṣẹ́ náà débi tí yóò lè tẹ̀ síwájú nínú rẹ̀, nítorí náà ibẹ̀ ni eré dáńfó parí sí. Eré tí ń kọ́ni pé ẹnì kan kò lè dá ṣe é, ẹnì kan ni ó dá a ṣe, èyí ni ó sì pa á.

Mo ti ronú sí ọ̀rọ̀ yìí lọ́pọ̀ ìgbà. Òfin dáradára ni àwọn ọmọ náà fi sínú eré wọn. Èmi ni n kò fi òfin kan náà sínú kíláàsì mi. Nínú eré náà, dẹ́rẹ́bà kò lè fi kọ̀ńdọ́kítọ̀ sílẹ̀, kọ̀ńdọ́kítọ̀ kò sì lè sá sẹ́yìn dẹ́rẹ́bà. Nínú kíláàsì mi, ẹnì kan lè gba gbogbo iṣẹ́ mọ́ra, àwọn mẹ́ta sì lè fara pamọ́. Máàkì wọn kò ní yàtọ̀. Irú òfin tí olùkọ́ bá fi lélẹ̀ ni irú ẹgbẹ́ tí yóò rí.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ohun tí mo ń ṣe nísinsìnyí nìyí. Kò sí ẹgbẹ́ tí mo ń fi ọwọ́ sí ìwé rẹ̀ títí yóò fi lè sọ nínú gbólóhùn kan ohun tí ẹnì kan ń ṣe fún ẹnì kejì nínú eré wọn. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi páálí dán an wò níwájú mi kí ọ̀sẹ̀ kẹta tó pé, kí ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ sì wà lára àwọn tí yóò ṣe é. Olúkúlùkù ní ìwé kékeré tí ó ń kọ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ rẹ̀ sí. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta, ẹni tí ń kọ àṣẹ kọ̀ǹpútà yóò jókòó ti ẹnì kan nínú àwọn yòókù, ìyẹn ni yóò sì tẹ àtúnṣe kékeré kan fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ ìdánwò, ìdajì máàkì ni ti ẹgbẹ́, ìdajì ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè tí mo sì ń bi ẹnì kọ̀ọ̀kan kì í ṣe lórí iṣẹ́ tirẹ̀, bí kò ṣe lórí iṣẹ́ ẹnì kejì rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè ṣàlàyé ohun tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, kò tíì sí nínú ẹgbẹ́. Ẹni tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò bá sì lè ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀, òun náà ní ẹ̀bi tirẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tiyín kò pọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní kékeré. Eré ẹni mẹ́rin tí ó parí sàn ju ti ọgọ́rùn-ún tí kò parí lọ. Ẹ wo àyíká yín. Ọjà, ọkọ̀, ilé búrẹ́dì ní Agége, pápá bọ́ọ̀lù àdúgbò, gbogbo ibi tí ọwọ́ kan ti nílò ọwọ́ kejì ni eré ti ń dúró dè yín. Ẹni tí ó bá sì mọ iṣẹ́ jù láàárín yín, kí ó rántí pé ọwọ́ tí ó tó pẹpẹ kò wọ akèǹgbè.

Àwọn kan yóò ní, ǹjẹ́ eré tó ohun tí a ń fi òru ṣe? N kò mọ iye nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí yóò fi eré orí kọ̀ǹpútà jẹun. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ibikíbi tí wọ́n bá ti rí iṣẹ́, yálà ní ilé-iṣẹ́ ní Ìkẹjà ni, tàbí ní ilé-ìwòsàn, tàbí ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ẹgbẹ́ ni wọn yóò bá níbẹ̀. Ibẹ̀ kò sí páálí àti ìdérí ìgò tí a lè kó kúrò kí a tún un tò. Ó sàn kí wọ́n ti kọ́ ọ níbi tí àṣìṣe kò tíì gbówó lórí.